Àyè Kan Tó Kù Nínú Bàálù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá wa sì jẹ́ oníṣòwò tó máa ń wọ ọkọ̀ lọ wọ ọkọ̀ bọ̀ láàárín Accra àti Kumasi. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n fi bí ọdún méjìlá jù mí lọ, ni mo mọ̀ ní ìyá. Àwọn ló ń dáná, àwọn ló ń di irun mi, àwọn náà ló ń mú mi lọ sílé kéwú. Títí di òní, Àǹtí ni mo ń pè wọ́n.

Accra ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, àmọ́ Ọ̀fà ni bàbá wa ti wá. Àwọn ará Gánà ń pè wá ní Alata, a sì ti gbà á lórúkọ. Ìgbà tí ẹnì kan bá kú ní Ọ̀fà nìkan la máa ń rántí pé ibòmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní ilé wa.

Ìsọ̀ tí ìyá wa fi sílẹ̀ ní Cow Lane ni ẹ̀gbọ́n mi jogún. Ìborùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti hìjáàbù, tẹ̀sùbáà, ẹní ìkírun, pẹ̀lú bútà tí àwọn èèyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Ìsọ̀ náà fara ti ògiri ilé ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Gã. Ìyá yẹn àti ìyá tiwa ti jọ jẹun nínú abọ́ kan rí, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹ̀gbọ́n mi pé ta ló ni ibẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kokomlemle, yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni mo sì máa ń rán jù.

Nígbà tí àbúrò bàbá wa obìnrin kú ní Ọ̀fà, ọjọ́ tí wọ́n kú náà ni wọ́n ti sin wọ́n, a kò lè bá ìsìnkú. A ní kí a bá wọn ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ la máa ń wọ̀ láti ibùdókọ̀ Tudu, tí a ó gba Aflao, Lomé àti Cotonou títí dé Seme, tí wọn ó máa sọ̀ wá kalẹ̀ ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan bí ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́dún tó ṣáájú, ìgbáròkó wọn ọ̀tún kò sì gbádùn mọ́. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Bí wọ́n bá jókòó pẹ́, èèyàn ló máa gbé wọn dìde. Bàálù la fi lọ.

Bàálù náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè kan ní agbègbè wa níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa tí a máa ń ti Accra lọ sí Èkó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń kí èèyàn, wọ́n sì máa ń di àgbàlagbà lápá mú gun àtẹ̀gùn. Àbùkù tó ní kò ju pé ó máa ń dáwọ́ dúró lọ. Bàálù rẹ̀ kò pọ̀. Bí ọ̀kan bá ti lọ fún àtúnṣe, wọn yóò kéde pé àwọn dá ìrìnnà dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò tún kéde pé àwọn ti padà. A ti mọ̀ ọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín.

Mi ò gbádùn Ọ̀fà. Èrò kún ilé ẹbí, kànga la ti ń fa omi, gbogbo ẹbí ló sì ń fi Yorùbá mi tí mo ń lú Twi mọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ara tù wọ́n níbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé máa ń wá jókòó yí wọn ká láàárọ̀, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Èmi ń ka ọjọ́.

Nígbà tí a dé pápákọ̀ òfuurufú Èkó láti padà, èrò ti há mọ́ iwájú káńtà, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ náà gun orí àga kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó ní láti ọ̀la lọ, ilé-iṣẹ́ àwọn dá gbogbo ìrìnnà dúró. Ó ní bàálù kékeré ni wọ́n rí rán wá lónìí, kò sì lè gba gbogbo wa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ kánjúkánjú ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, kí àwọn yòókù máa retí ìkéde.

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó gba ìwé wa, ó wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀, ó mi orí.

“Ẹ má bínú, mà. Àyè kan ṣoṣo ni mo lè rí fún ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló máa lọ nínú yín?”

Mo ní, “Àǹtí mi ni. Ara wọn ò le.”

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá ọwọ́ wọn kanlẹ̀. “Rárá o. Òun ni kó o mú. Ọmọ ẹ̀ ń rọbí lọ́wọ́ ní Accra báyìí, kò sì sẹ́lòmíràn lọ́dọ̀ ọmọ náà.”

Lóòótọ́ ni ọmọ mi lóyún. Ṣùgbọ́n oyún náà ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé, ọkọ rẹ̀ wà nílé, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń gbé ní àdúgbò kan náà. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wò mí.

“Ṣé ó ń rọbí lóòótọ́, mà?”

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wolẹ̀. Ó rò pé ìdààmú ló mú mi dákẹ́, àánú mi sì ṣe é. Ó na ìwé ìwọkọ̀ sí mi, ọwọ́ mi sì yá láti gbà á.

“Àwọn wọ̀nyí ò ní pẹ́ padà,” ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi bí a ṣe ń rìn kúrò níbẹ̀. “Ṣé o ò rántí tìjọ́sí ni? Ó pẹ́ jù ni ọ̀sẹ̀ kan. Ìsọ̀ mi ni kó o máa bá mi yọjú sí.”

Ìbátan wa kan tó gbé wa wá ṣì wà níta, òun ló máa gbé wọn padà. Mo gbá wọn mọ́ra, mo sì wọlé.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fi mí sí. Nǹkan tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí: bí bàálù ṣe gbéra nílẹ̀, inú mi dùn. Mo ń ronú nípa bẹ́ẹ̀dì mi, àti kẹ́ńkẹ́ gbígbóná pẹ̀lú ẹja díndín tí mo máa rà lójú ọ̀nà. A ti wà lórí òkun pátápátá kí n tó ki ọwọ́ bọ àpò mi wá áńkáṣíìfù, tí ọwọ́ mi sì ba páálí oògùn ìgbáròkó ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo máa ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Mo gbé e lé itan mi títí a fi balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Ìkéde tó jáde ni pé ìrìnnà náà yóò dúró títí di ìgbà tí wọ́n bá tún fọhùn. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Ọ̀fà. Wọ́n rí oògùn rà níbẹ̀, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ọmọ mi bí obìnrin. Gbogbo ọmọ tí a ti bí nínú ẹbí wa ní Accra, ẹ̀gbọ́n mi ló wẹ̀ wọ́n fún ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ò wẹ ọmọ tuntun rí, àní ọmọ tèmi pàápàá, àwọn ló wẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí, a gbé fóònù ti agolo mílíìkì, ojú wọn hàn nínú rẹ̀ láti Ọ̀fà, wọ́n sì ń pàṣẹ.

“Gbé orí ẹ̀ lé apá ẹ. Má jẹ́ kómi wọ̀ ọ́ létí. Fọwọ́ wọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́ ọ wálẹ̀. Ọmọ ni, kì í ṣe gíláàsì.”

Ọmọ mi, ìyá ìkókó, jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, Twi ló máa fi ń fèsì. Lọ́jọ́ kan, ó fi Yorùbá bi mí níṣojú fóònù yẹn pé, “Màámá, ṣé òótọ́ ni pé inú mi lẹ fi wọ bàálù? Àǹtí ní àwọn sọ fún wọn pé mò ń rọbí.”

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín nínú fóònù. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ, ẹsẹ̀ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí oṣù gorí oṣù, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín, Àǹtí. Mo lè gba ọ̀nà Seme wá, ká jọ máa rọra bọ̀.”

“Pẹ̀lú ìgbáròkó yìí? Ká máa sọ̀ kalẹ̀, ká máa gòkè? Fi sílẹ̀. Bàálù á padà.”

“Ó dáa, Àǹtí.”

Mo gbà kíá. Etí èmi fúnra mi gbọ́ bí mo ṣe gbà á kíá tó.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ wá kù. Níbẹ̀rẹ̀, àràárọ̀ ni mò ń lọ sí Cow Lane, tó bá wá di ọ̀sán, mo máa padà sí Kokomlemle. Àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn mi. Wọ́n á bi mí ní irú ìborùn tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń bá wọn tọ́jú, mi ò ní mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ bò mí mọ́lẹ̀, mo dín lílọ kù, nígbẹ̀yìn mi ò lọ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo tún yọjú, ìyá onílé, ìyá Gã náà, ní kí n wá jókòó. Gã àti Hausa tí wọ́n ń dà pọ̀ ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀.

“Ọmọ Alata, ibi tí kò sẹ́nì kan yìí, mi ò fẹ́ràn kí n máa wò ó. Ọmọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ máa ta awọ fóònù níbẹ̀. Kí lo wí?”

Ó yẹ kí n ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kò burú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kó ọjà ẹ̀gbọ́n mi sínú àwọn àpò ńlá, mo wọ tasí, mo sì kó wọn pamọ́ sẹ́yìn maṣíìnì mi. Ara mi fúyẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Kò pẹ́ tí fóònù dún.

“Báwo ni ìsọ̀ mi?”

“Ó wà níbẹ̀, Àǹtí.”

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè ni wọ́n ń béèrè, gbogbo ìgbà náà ni mo sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé bí bàálù bá ti padà, màá lọ bẹ ìyá onílé, ọ̀rọ̀ náà á sì tún ṣe. Lẹ́yìn tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, màá rí i pé kò wù mí kí bàálù náà yára padà.

Inú trotro tó ń bọ̀ láti Tudu ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ lórí rédíò. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn èrò, ó ní àtúnṣe ti parí, ìrìnnà sí Èkó yóò sì bẹ̀rẹ̀ padà. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo dúró sábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì pe Ọ̀fà.

“Àǹtí, bàálù ti padà.”

“Mo ti gbọ́. Alhamdulillah.”

“Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ni.”

“Awọ fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí,” ni wọ́n wí.

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

“Ìyá onílé ti pè mí tipẹ́. Wọ́n ní àwọn ti bi ọ́, o sì ní kò burú, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi náà. Mo ní kí wọ́n fún ọmọ náà.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń bi mí lójoojúmọ́?”

“Mo fẹ́ mọ ìgbà tí wàá sọ fún mi ni.”

Ohùn wọn ò le rárá. Wọ́n tún béèrè bóyá ọmọ ti ń jókòó, mo ní ó ti ń jókòó. Wọ́n ní kí n máa lọ, oòrùn mú.

Wọ́n dé kí oṣù náà tó parí. Àga onítáyà ni òṣìṣẹ́ pápákọ̀ fi tì wọ́n jáde, wọ́n sì ti sanra díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde kí n lè gbá wọn mọ́ra, mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n fi ń gbé ara wọn dúró báyìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kàn tẹ̀ lé wọn ni. Ọmọ ọmọ mi ò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn wọn ló ń sùn.

A jọ lọ sí Cow Lane. Ọmọbìnrin tó ń ta awọ fóònù dìde fún wọn kíá, ó gbé àga rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sójú ibi tí wọ́n ti ń jókòó látìgbà èwe wọn, àwọn àti ìyá onílé di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sọ Gã. Èmi dúró sójú oòrùn. Àwọn tó ń kọjá ń kí wọn: Alata maame, ṣé ẹ ti dé. Wọ́n ń dáhùn pé àwọn ti dé. Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú tasí ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò ní dúró pẹ́, Ọ̀fà làwọn máa padà sí. Yàrá àbúrò bàbá wa tó kú ti di tiwọn. Àwọn ti ń ta ìborùn díẹ̀díẹ̀ níwájú ilé, kò sì sí àtẹ̀gùn níbẹ̀.

“Àwọn àpò tí mo rí lẹ́yìn maṣíìnì ẹ, kó wọn fún mi, n ó kó wọn dání.”

Mo bi wọ́n pé, “Ṣé torí ìsọ̀ yẹn ni?”

“Kì í ṣe torí ẹ̀ nìkan,” ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà, a tètè dé pápákọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga onítáyà, àwọn àpò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ti ń gbèrò ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti dé, mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

“Àǹtí, lọ́jọ́ tá a wà ní Èkó yẹn, ó yẹ kí n bẹ̀ yín sí i. Ẹ̀yin lẹ ò sàn. Ó yẹ kẹ́ ẹ lọ.”

Wọ́n fa ọ̀kan nínú àwọn àpò náà mọ́ra.

“Ká ní o bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì ni, ǹ bá lọ,” ni wọ́n wí. “Mo ń retí ẹ. Ìrora tó wà lára mi lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ foríjì mí.”

“Mo ti foríjì ẹ́ látọjọ́ tó o wẹ ọmọ yẹn tó o fọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo tọ́ ẹ dàgbà. Mo mọ irú ẹni tí mo tọ́.”

Mi ò mọ̀ bóyá ìtùnú ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, mi ò sì béèrè. Òṣìṣẹ́ kan dé, ó kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní kí n rí i pé mo tètè jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ọ̀fà báyìí. Oníṣègùn kan níbẹ̀ ń bá wọn tọ́jú ìgbáròkó náà. Wọ́n ní ó sàn ju tàná lọ, àmọ́ àwọn obìnrin ilé máa ń gba fóònù nígbà mìíràn, wọ́n sì máa ń sọ fún mi pé ìrìn ò rọrùn fún wọn. Ilé-iṣẹ́ bàálù yẹn tún ti dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà, ó sì ti padà. Ọ̀sán ni mo gbọ́ ìkéde ìpadà ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo dá iṣẹ́ dúró, mo pè wọ́n. Wọ́n ń jẹ ẹ̀wà. Wọ́n ní ẹ̀wà náà rọ̀ dáadáa, epo nìkan ló pọ̀ jù. Mo fẹ́ sọ pé bàálù ti padà, pé mo lè wá wò wọ́n, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró dè mí díẹ̀, wọ́n wá ní kí n jẹ́ káwọn jẹun tán.